Oògùn Tó Rọrùn, Tó sì Léwu

Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn dókítà kan ní Ítálì dá ìwádìí wọn dúró láìpé ọjọ́. Rọpárọsẹ̀ ti ń mú àwọn aláìsàn tí wọ́n fún ní oògùn tuntun.

Àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú ni èyí tí Graham Hughes, dókítà ní London, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1983. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: àwọn èròjà tó yẹ kó máa gbógun ti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, ní ẹsẹ̀, nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú ọpọlọ, àní nínú ibi ọmọ pàápàá, tí oyún á fi máa bàjẹ́. Oríṣi èròjà bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni àyẹ̀wò ń wá. Ẹni tó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, àgàgà bó bá ń mu sìgá, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen.

Warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn yìí tipẹ́. Oògùn oníwàhálà ni: wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́, bí ẹ̀fọ́ tí èèyàn ń jẹ bá sì ṣàdédé pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ lè dín kù. (Ta ló fẹ́ máa wọn ẹ̀fọ́ kó tó jẹ ẹ́?) Rivaroxaban, oògùn tuntun náà, kò ní wàhálà yìí, ó sì ti wúlò fún ọ̀pọ̀ tí ohun mìíràn mú kí ẹ̀jẹ̀ wọn dì. Ni Vittorio Pengo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn dókítà Ítálì yẹn, bá dán an wò lára àwọn tó ní èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn 59 gba rivaroxaban, àwọn 61 gba warfarin. Nínú àwọn 59 yẹn, rọpárọsẹ̀ mú mẹ́rin, ìkọlù ọkàn mú mẹ́ta. Nínú àwọn tó ń lo warfarin, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kankan kò dì.

Lójú tèmi, dídá tí wọ́n dá ìwádìí náà dúró láìpé ọjọ́ ló dára jù nínú iṣẹ́ wọn. Ní 2019, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi rivaroxaban àti irú rẹ̀ tọ́jú àìsàn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín ti dì rí láìnídìí, tàbí tí oyún ti bàjẹ́ mọ́ yín lára léraléra, ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n ti yẹ èròjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Wọ́n ní láti tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó dájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró, ẹ má sì fọwọ́ ara yín pààrọ̀ rẹ̀.