Ta Ni Ọlọ́run Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Fún?

Lóṣù Kejìlá ọdún 1996, àwa bí ogún èèyàn la yí rédíò kan ṣoṣo ká níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìpókíá. Cairo ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún, Zamalek ti Íjíbítì pẹ̀lú Shooting Stars ti Ìbàdàn, àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó mókè jù nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ Ìbàdàn ti na Zamalek ní 2 sí 1 nílé. Nígbà tí wọ́n dé Cairo, Zamalek náà nà wọ́n ní 2 sí 1. Ọ̀rọ̀ di pẹ́nárítì.

Àdúrà sọ. Télọ̀ kúnlẹ̀ ti máṣíìnì rẹ̀, ó ń ké pe Jésù. Alfa tó wá gba ṣòkòtò tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ń ka sùúrà lábẹ́nu. Bàbá Ọlọ́dẹ fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó ní, “Orí àwọn ọmọ wa, má sùn o.” Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì nílé ìwé, mo ṣe àmín sí ti gbogbo wọn. Zamalek jẹ 5, tiwa jẹ 4.

Télọ̀ pa rédíò. A dákẹ́ títí. Bàbá Ọlọ́dẹ ló kọ́kọ́ lanu: “Wọ́n ti dì wọ́n lẹ́sẹ̀.”

Mo ní, “Ta ló dì wọ́n, Bàbá?”

Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin náà mọ̀.”

N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé sùúrà tí Alfa wa ń kà níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni wọ́n ń kà ní Cairo, ahọ́n tiwọn tilẹ̀ lè já gaara ju tiwa lọ. Ta wá ni kí Ọlọ́run dá lóhùn?

Àwa ará Ìpókíá lẹ́nu ibodè Benin ló yẹ kí ìbéèrè yìí kọ́kọ́ yé. Ẹ̀gbọ́n ń gbé níhìn-ín, àbúrò ń gbé ní Benin, ìlà tí òyìnbó fà ló gba àárín wọn kọjá. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2024, Benin na Nàìjíríà ní 2 sí 1 ní Abidjan. Ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Pobè ní Benin, jó wọ ilé ìdáná. Ọkọ rẹ̀ kò jẹun alẹ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, Nàìjíríà jẹ 4 ní Uyo, Benin kò jẹ ẹyọ kan. Ọkọ jẹun lọ́jọ́ náà, ó tún béèrè ẹran sí i. Inú ilé kan náà ni wọ́n ti gbàdúrà, lórí ẹní kan náà.

Lọ́dún 1976, mo wà lọ́mọdé, àwọn ọmọ Ìbàdàn kan náà, tí à ń pè ní IICC nígbà náà, na Tonnerre ti Yaoundé ní 4 sí 1 ní àṣekágbá Ife Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre yìí ló gba ife ọ̀hún lọ́dún tó ṣáájú, Roger Milla sì wà láàárín wọn. Wọ́n na tiwa ní 1 sí òdo ní Kamẹrúùn, ṣùgbọ́n ife ti bọ́ sọ́wọ́ wa, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife Áfíríkà. Bàbá mi ní Ọlọ́run ló bá wa gbá a. Lọ́dún 1984, Zamalek na ẹgbẹ́ kan náà ní 2 sí òdo ní Cairo, ó tún wá nà wọ́n ní 1 sí òdo ní Èkó. Mo retí kí Bàbá mi sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe lọ́tẹ̀ yìí. Kò sọ nǹkan kan. Ìjọba ológun ló sọ̀rọ̀: ó tú ẹgbẹ́ náà ká, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn pàdánù.

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan tí mo fẹ́ràn. Gbogbo Orí pe ìpàdé, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i. Èṣù ní kí wọ́n máa ṣe é lọ, òun yóò wo bí yóò ṣe yọrí. Ìjà ni ìpàdé náà dà. Ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn tó gún. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé orí kì í dá ọ̀nà rìn. Àmọ́ ẹni tó wà lódìkejì pápá ńkọ́? Òun náà yan orí wá, òun náà ní ẹsẹ̀ méjì. Bí mo bá ní kí Ọlọ́run fún ọmọ mi lókun, àdúrà ni. Bí mo bá ní kó fọ́ ojú aṣọ́lé wọn, èpè ni mo ń ṣẹ́, kódà bí mo bá fi àmín kádìí rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ti gbà pé àdúrà òun kò gbọdọ̀ kùnà, yóò wá ẹni tó bà á jẹ́. Lọ́dún kan, àdúgbò méjì gbá àṣekágbá lásìkò Àjíǹde. Ọmọ kíláàsì mi kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbá pẹ́nárítì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí òpó. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sọ òkúta sórí òrùlé ìyá rẹ̀ àgbà. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ, tó fún àwọn ọmọ náà jẹ láàárọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ní òun ló di ẹsẹ̀ ọmọ.

Mo lọ kí i ní ìdájí. Ó ń gbá òkúta jọ. Ó ní, “Tíṣà, bí mo bá ní agbára tó lè yí bọ́ọ̀lù padà lófuurufú, ṣé n ò ní kọ́kọ́ fi wo eékún mi tó ń dùn mí yìí?”

Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ ilé ìwé wa bá fẹ́ wọ pápá, mo máa ń ní kí tọ̀tún tòsì jọ gbàdúrà kan: kí eegun má kán, kí ẹsẹ̀ má rọ́. A kì í bẹ̀bẹ̀ fún gọ́ọ̀lù.

Ìyá náà ti kú. Ihò tí òkúta dá sí páànù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òjò ń gbabẹ̀ wọlé.