Èèwọ̀ Ara Níbi Tábìlì Olúwa

Kò sí ọ̀rọ̀ tí Yorùbá lè fi kọ oúnjẹ láì bí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ nínú tó èèwọ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé òun ti yó, wọn yóò rọ̀ ọ́ pé kí ó ṣáà fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá sọ pé kò wu òun, wọn yóò kà á sí ìgbéraga, tàbí kí wọ́n rò pé ó ń bẹ̀rù pé a ti fi nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní èèwọ̀ òun ni, ọ̀rọ̀ bùṣe, àwo yóò padà sí ilé ìdáná, a ó sì wá nǹkan mìíràn fún un. Èèwọ̀ ni ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe, tí kò gbọdọ̀ sọ tàbí tí kò gbọdọ̀ jẹ, yálà nítorí ìdílé tí a bí i sí, nítorí òrìṣà tí ó ń bọ, tàbí nítorí orí tí ó yàn wá sáyé: ẹni tí ó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, a kì í mú àdín sún mọ́ Èṣù, babaláwo sì lè sọ fún àwọn òbí níbi àkọsẹ̀jayé ọmọ pé oúnjẹ kan wà tí orí ọmọ náà kò gbà. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé èèwọ̀ kì í bú oúnjẹ. Ẹmu kò di nǹkan burúkú nítorí pé ọmọ Ọbàtálá kì í mu ún. Àárín ẹmu àti ẹni náà ni ọ̀rọ̀ wà.

Àrùn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sílíákì fara jọ èèwọ̀ ju bí ó ti fara jọ ọ̀pọ̀ àìsàn lọ. Gúlútẹ̀nì ni orúkọ èròjà amáradàgbà kan tí ó wà nínú àlìkámà, èyí tí a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí irú rẹ̀ sì wà nínú ọkà báálì àti ọkà ráì. Òun ni ó ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bí rọ́bà, tí ó sì ń di afẹ́fẹ́ mú kí búrẹ́dì lè wú. Nígbà tí gúlútẹ̀nì bá dé ìfun kékeré ẹni tí ó ní àrùn yìí, àwọn èròjà ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà yóò kọjú ìjà sí ìfun náà fúnra rẹ̀, wọn yóò sì ba àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ín jẹ́, àwọn tí ó bo inú ìfun bí irun tí wọ́n sì ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn fọ́nrán yìí bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn lè jẹun yó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ara rẹ̀ ṣì wà nínú ebi, pẹ̀lú inú wíwú, ìgbẹ́ gbuuru, àárẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti rírù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé lè má dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àrùn náà kì í ràn, inú ìran ni ó ti ń wá, a sì ń fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnìkan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní i káàkiri ayé. Títí di òní, ìwòsàn kan ṣoṣo tí ó wà fún un ni kí ẹni náà yé jẹ gúlútẹ̀nì títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti fura pé oúnjẹ ni. Samuel Gee, oníṣègùn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1888, ó sì sọ pé bí ìwòsàn kan bá wà fún un, inú oúnjẹ ni a ó ti rí i, ṣùgbọ́n kò mọ oúnjẹ tí ó jẹ́. Willem Dicke, oníṣègùn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ni ó tọ́ka sí àlìkámà. Nígbà ìyàn tí ó mú ní ilẹ̀ wọn láàárín 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, àwọn ọmọ tí àrùn yìí ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àrùn padà dé. Dicke sì fi ìwádìí rẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1950. Ìyàn tí ó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó la ojú oníṣègùn. A kò sì lè sọ pé àrùn aláwọ̀ funfun ni, nítorí láàárín àwọn ọmọ Saharawi, àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Sàhárà tí wọ́n ń gbé ní ibùdó asásálà ní Àlùjíríà, àyẹ̀wò tí a gbé jáde ní 1999 fi hàn pé ó ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lọ tí wọ́n ní i. Kò sí àwùjọ tí a tíì rí tí iye rẹ̀ tó báyẹn nígbà náà.

Bí a bá wo Ring Road ní Ìbàdàn, láti apá Challenge títí dé ibi tí ilé ìtajà Palms wà, a ó rí i pé ilẹ̀ tí ó rọrùn fún èèwọ̀ yìí tí ó sì tún ṣòro fún un ni. Ó rọrùn nítorí pé oúnjẹ ìpìlẹ̀ ìlú náà kò ní gúlútẹ̀nì nínú: àmàlà tí a fi ẹlùbọ́ iṣu rò, láfún, ẹ̀bà, iyán, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì ọ̀fadà, gbẹ̀gìrì àti ewédú. Ẹni tí ó ní sílíákì ní Lọ́ńdọ̀nù ń san owó gọbọi lórí búrẹ́dì tí kò ní gúlútẹ̀nì. Ẹni tí ó ní i ní Ìbàdàn lè jẹ ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ jẹ, kí ó sì lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àlìkámà ti gba ìgboro. Búrẹ́dì àárọ̀, Indomie ọmọ iléèwé, ṣinṣin, pọ́fù-pọ́fù, mííìtì páì, bisikíìtì àti sémó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe ni a ń gbé káàkiri ibi ìkómọ àti ìsìnkú, bẹ́ẹ̀ ni agbada epo tí a ti fi din pọ́fù-pọ́fù ni a tún máa ń da àkàrà sí, àkàrà tí kì bá tí léwu rárá. Nígbà tí ìjọba ológun fi òfin de kíkó àlìkámà wọlé ní 1987, àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì wá ọgbọ́n dá sí i, àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, sì ṣiṣẹ́ lórí búrẹ́dì oníyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Òfin náà kò pẹ́ tí ó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn yẹn fi hàn pé àlìkámà kì í ṣe oúnjẹ tí ilẹ̀ Yorùbá kò lè ṣe aláìní. Ẹnu ni ó mọ́ lára.

Ibì kan wà tí sílíákì àti èèwọ̀ ti yà. Èèwọ̀ ìdílé, ẹnu àgbà ni a ti ń gbọ́ ọ. Èèwọ̀ orí, ẹnu Ifá. Èèwọ̀ yìí, inú ẹ̀jẹ̀ àti inú ègé ẹran kékeré tí dókítà gé lára ìfun ni a ti ń kà á. Ohun tí ó tún ṣe àjèjì ni pé ẹni tí a fẹ́ yẹ̀ wò gbọ́dọ̀ ṣì máa jẹ àlìkámà ní àsìkò àyẹ̀wò, nítorí pé bí ó bá ti ṣíwọ́ fún ìgbà pípẹ́, ara yóò ti sàn débi tí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí nǹkan kan. Èèwọ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹ kí ó tó mọ̀ pé èèwọ̀ òun ni, irú rẹ̀ kò sí nínú ìmọ̀ àwọn àgbà. Síbẹ̀, kí a tó dé ilé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ní gbólóhùn kan tí wọ́n ń sọ, pé “kò bá mi lára mu”. Gbólóhùn yìí ka ara sí ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbà, kò dúró de ìdí. Bí ara bá sì jẹ́ ẹlẹ́rìí, ìbéèrè tí ó kàn ni bóyá ẹ̀rí rẹ̀ lè dúró níwájú Ọlọ́run, pàápàá níbi tí ẹ̀sìn ti pàṣẹ pé kí a jẹ ohun tí ara ti kọ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àròsọ fún ọmọ Ìjọ Kátólíìkì. Òfin Ìjọ náà ti 1983, ní ẹsẹ 924, sọ pé àlìkámà nìkan ni búrẹ́dì Mísà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2003, Kádínà Joseph Ratzinger, tí ó di Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé búrẹ́dì tí kò ní gúlútẹ̀nì rárá kò lè di Ara Olúwa, ṣùgbọ́n pé èyí tí gúlútẹ̀nì rẹ̀ kéré jọjọ lè dì í, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì tó láti ṣe búrẹ́dì láì fi nǹkan àjèjì kún un. Ní 2017, Kádínà Robert Sarah, ọmọ ilẹ̀ Guinea, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín, tún òfin kan náà sọ nínú lẹ́tà ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Benedict ní Clyde, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, ti ṣe irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ tí gúlútẹ̀nì inú rẹ̀ kò ju 0.01% lọ. Àwọn ìjọ bíi Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n gbà pé ìrántí ni oúnjẹ náà, kò ní ìṣòro yìí. Àlìkámà kò di dandan fún wọn.

Ó rọrùn láti fi òfin Kátólíìkì yìí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n Yorùbá kò yẹ ní ẹni tí yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń bọ Ṣàngó mọ̀ pé orógbó ni a ń fún un, a kì í fún un ní obì, bí ó ti wù kí obì náà gbó tó. Kò sì sí ẹni tí ó lè dúró sí ojúbọ kí ó máa jiyàn pé èso ni méjèèjì. Nínú ẹ̀sìn, ohun tí a fi ọwọ́ dì mú ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe àpò tí a kàn di ìtumọ̀ sí. Àríwísí tí ó wúwo jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Ìjọ náà fúnra wọn. Jean-Marc Ela, àlùfáà ọmọ Kamẹrúùnù, béèrè nínú ìwé rẹ̀ Le cri de l'homme africain ti 1980 ìdí tí àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin ọkà tiwọn yóò fi máa fi ọkà àti wáìnì ilẹ̀ òkèèrè bá Ọlọ́run jẹun, René Jaouen náà sì kọ odidi ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1995. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, lábẹ́ Àjàyí Crowther, ti fi iṣẹ́ wọn dáhùn ìbéèrè náà láìmọ̀: àkàrà ni wọ́n pe búrẹ́dì Ìrékọjá tí kò ní ìwúkàrà, oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n sì pe búrẹ́dì inú Àdúrà Olúwa. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí kò tilẹ̀ jiyàn lórí rẹ̀. Dàbínù àti ọkà báálì ni àwọn hàdíìsì dárúkọ fún sàká ìtúnu àwẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìlànà òfin Màlíkì tí wọ́n ń tẹ̀lé, oúnjẹ tí ìlú ń jẹ ni a ń yọ, ìrẹsì tàbí àgbàdo sì tó.

Bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ Ela dùn tó, kò yẹ kí a fi ẹni tí ó ní sílíákì gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwùjọ ni ti Ela, ọ̀rọ̀ ìfun ni ti ẹni yìí. Àwùjọ lè dúró de ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù fún ọgọ́rùn-ún ọdún; ọmọ tí ó ń rù kò lè dúró di ọjọ́ Ìsinmi tí ó ń bọ̀. Ìdáhùn tirẹ̀ sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ìpàdé ńlá Ìjọ Kátólíìkì tí ó wáyé ní Trent kéde ní 1562 pé odindi Kristi ni ó wà nínú búrẹ́dì nìkan, odindi Rẹ̀ ni ó sì wà nínú wáìnì nìkan. Ẹ̀kọ́ yìí ni a fi dáàbò bo àṣà tí kò jẹ́ kí ọmọ ìjọ mu nínú ife. Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó sì ń fi ife lé ẹni tí kò lè jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ lónìí. Nítorí náà, ẹni tí ó gba wáìnì nìkan kò gba ìdajì, kò gba àánú, kò sì nílò ìdáríjì kankan. Ìgbọràn ni kíkọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìgbọràn ti ń bẹ nínú kíkọ̀ ẹni tí kì í mu ẹmu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ẹni tí ó fẹ́ di àlùfáà. Ìwé tí Ratzinger kọ ní 1995 sọ pé kí a má ṣe fi ẹni tí ó ní sílíákì joyè àlùfáà. Ti 2003 dẹ̀ ẹ́, ó ní kí a ṣọ́ra gidigidi kí a tó gbà á. Ìyípadà yẹn tọ́, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà tí ó wà ní Bódìjà mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ìlú tí ó mọ̀ pé a kì í fi èèwọ̀ dá ènìyàn lẹ́bi kò gbọdọ̀ fi ìfun pinnu ẹni tí Ọlọ́run pè.

Ní Ìbàdàn, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, búrẹ́dì nìkan ni ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti gbà, ẹni tí ó bá sì nílò ife gbọ́dọ̀ bá àlùfáà sọ̀rọ̀ kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan wà tí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú: kí a tó pín oúnjẹ náà, àlùfáà máa ń bu ègé búrẹ́dì kékeré sínú ife tí ó wà níwájú rẹ̀. Ife ẹni tí ó ní sílíákì gbọ́dọ̀ jẹ́ ife mìíràn, tí a kò bu nǹkan kan sí.