A Rí Owó Ẹ, A Ò Rí Ẹ

Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni bàbá kékeré wa kú ní Atosin, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kì í ṣe Kòrónà ló pa wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń bá wọn fínra tipẹ́ ló dá wọn wó lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, wọ́n ti lọ. Ìbàdàn ni mo wà. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ìrìn-àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nígbà náà: mo fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, mo dúró kí alẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ ẹbí, mo wá pe ìyàwó olóògbé, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Màmá dúpẹ́. Wọ́n gbàdúrà pé a ò ní fi irú ẹ̀ gbà á. Mo ti fẹ́ pa fóònù nígbà tí wọ́n ní, "A rí owó ẹ o. A ò rí ẹ ni."

Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ohùn ẹni tó ń ka ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n fi sọ ọ́: eléyìí dé, eléyìí ò dé. Ọdún ti gorí ọdún, mi ò tíì rí èsì fọ̀ sí i.

Nínú èdè wa, ẹni tó lọ síbi òkú tàbí ìkómọ kì í kàn lọ. Ó yọjú ni. Bó dé tí kò jókòó, tó mu omi tútù kan tó sì padà, a ó ní ó yọjú, ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó fi màlúù ránṣẹ́ tí kò wá, a ó jẹ ẹran rẹ̀, a ó dúpẹ́, lẹ́yìn náà a ó máa bi ara wa pé kí ló dé. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe èyí ní fáàrí lásán. Mi ò gbà. Ojú ni àwọn baba wa gbé ọ̀rọ̀ ìbátan lé. Ẹni tí a mọ̀ díẹ̀ ni ojúlùmọ̀. Ẹni tó ṣe wá lóore fojú rere wò wá. Ẹni tó hùwà tí kò yẹ, ojú ló ń tì í. Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an, a ó ní kí ẹni náà wá fúnra rẹ̀, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Inú jìn; ojú nìkan ló wà nítòsí.

Àrùn tó bá wá ní ká fi aṣọ bojú, ká má sì yọjú síra wa, ibi tí a gbé ara wa lé gan-an ló fọwọ́ bà. Orúkọ aṣọ náà pàápàá kò dúró sójú kan. Àwọn kan ní ìbòmú. Àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ní ìbomú-bẹnu, kí ó lè ṣe rẹ́gí, nítorí imú àti ẹnu ló bò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbòjú ni mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ará ilé wa, mo sì rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Atosin, Aládé àti Odode ló para pọ̀ di Ìdànrè tí ayé mọ̀, ìlú kòkó tí àpáta yí ká. Kónílé-ó-gbélé ni orúkọ tí a fi pe òfin ọdún yẹn. Ó dùn ún pè, ṣùgbọ́n ó gbójú lé ohun kan tí kì í ṣe òótọ́: pé inú ilé là ń gbé. Ní Atosin, yàrá la fi ń sùn. Ojúde la ń gbé. Ibẹ̀ la ti ń ṣa ẹ̀wà, ibẹ̀ la ti ń dirun, ibẹ̀ la ti ń dúró de ẹni tó ń ti oko bọ̀ ká lè bi í bí kòkó ṣe rí. Kí n tó rìn láti ilé bàbá kékeré dé títì, màá ti kí èèyàn tó ogún. Ẹni tó bá kọjá láìkí, wọ́n á lọ bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ara ọkọ rẹ̀ ò yá ni.

Kì í ṣe pé a ò mọ bí a ti ń jìnnà síra wa. Nígbà tí àwọn olórí ìjọba òkè òkun ń wá ohun tí wọn ó fi rọ́pò bíbọwọ́, tí wọ́n ń fi ìgúnpá kí ara wọn níwájú kámẹ́rà, ẹ̀rín pa mí. Ìdọ̀bálẹ̀ ò béèrè pé kí ara kan ara. Ọmọ lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí ìkíni náà sì pé pérépéré. Àwọn ará Ìdànrè tilẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé orí òkè nítorí ogun. Àwọn ọdún 1920 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1930 ni wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, àlejò tó bá sì fẹ́ wo ààfin àtijọ́ lónìí yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Èèyàn bíi tiwọn ni wọ́n jìnnà sí kí ẹ̀mí wọn lè gùn.

Àgbẹ̀ kòkó náà mọ̀ ọ́n. Nínú oṣù kẹrin, nígbà tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí aláàrùn Kòrónà àkọ́kọ́, bàbá kékeré bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Kòrónà yín yìí, bíi ti kòkó ni." Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí mo ti tẹ̀ lé wọn lọ sóko nígbà òjò. Àmì dúdú kékeré kan á yọ lára èso, bí ibi tí èéfín ti kàn. Bí òjò ò bá dáwọ́ dúró, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo èso náà á ti dúdú, á sì ti ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá kékeré kì í bá a jiyàn. Wọ́n á fi àdá gé e, wọ́n á gbé e jìnnà sí ìdí igi, wọ́n á tún lọ wo èyí tó kù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò yí i wò bí ẹni ń yẹ etí ọmọ wò. Nígbà gbígbìn pàápàá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n ń fi sáàárín igi kan àti èkejì. Ẹni tó bá dé oko kòkó tó ti gbó yóò rí i: ní ìdí, igi ò kan igi; lókè, ewé ti wọnú ewé débi pé oòrùn ò rí ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n èso kòkó tí a gé kì í béèrè pé kí ló dé.

Ẹni tó bá rò pé àṣà wa ò mọ ìgbà tí kò yẹ kí a yọjú, kó lọ wádìí Ṣọ̀npọ̀nná, àrùn tó tún jẹ́ òrìṣà. Àwọn àgbà kì í fẹ́ dá orúkọ rẹ̀ pè. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń wí. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá pa, àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń sin ín. Ẹbí kì í sunkún, wọn kì í ṣe òkú náà bí a ti ń ṣe òkú, ọpẹ́ ni wọ́n ń dá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì í ní Alápadúpẹ́. Ìjọba òyìnbó fòfin de ìsìn rẹ̀ lọ́dún 1917. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, nínú oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn gágá wọ Èkó, kò sì sí òrìṣà tí a lè fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ̀. Ṣọ̀npọ̀nná gẹ́gẹ́ bí àrùn ti tán nílé ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló kéde bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1980.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Alápadúpẹ́ ni pé, nígbà náà, ẹnì kan wà tó ru ẹ̀bi àìyọjú. Òrìṣà ló ní kí ẹbí má sunkún, kí wọ́n má péjọ. Ẹni tí kò wá kò jẹ̀bi, òkú náà ò sì ní bínú. Lọ́dún 2020, ta ló ní kí n má lọ? Ìjọba ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó gba ọ̀nà inú igbó, tí wọ́n gun ọ̀kadà láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n sì débi òkú tiwọn. Èmi ni mo ní kí n má lọ. Mo ní mo ń dáàbò bo àwọn arúgbó. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé ẹ̀rù bà mí, àti pé, kí n kúkú sọ ọ́, ó rọ̀ mí lọ́rùn díẹ̀.

Màmá yìí kan náà ló pè mí ní nǹkan bí ago méjì òru nínú oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà Ẹ̀bólà. "Dìde, fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mu díẹ̀ níbẹ̀." Ẹnì kan ló ti pe àwọn náà. Jákèjádò Nàìjíríà ni fóònù ń dún lóru ọjọ́ yẹn. Àhesọ ni; ìwé ìròyìn ròyìn lẹ́yìn rẹ̀ pé iyọ̀ náà gbẹ̀mí àwọn kan. Inú bí mi nígbà náà. Lónìí, ohun tí mo ń rò ni ọ̀nà tí irọ́ náà gbà. Kò sẹ́ni tó jí ọ̀tá rẹ̀ lóru kó ní kó lọ wẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú lọ́dún 2014, kó ka iye ìpè tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Àrùn náà pàápàá, ọ̀nà yẹn ló ń tọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ló ń kó o, ẹni tó wẹ òkú, ẹni tó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Dókítà Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde ní ọsibítù l'Ékòó, kó o lára rẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ 19 oṣù yẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìfẹ́ àti àjàkálẹ̀ àrùn jọ ń rìn. Bí a bá dí i mọ́ ọ̀kan, èkejì náà ò rí ibi gbà.

Lọ́jọ́ 5 oṣù karùn-ún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọ̀rọ̀ Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. A ti ju ìbòjú nù. Alẹ́ẹ̀tì la ò jù nù. Ìwé ìpè òkú tó dé ọwọ́ mi láìpẹ́ yìí, nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kedere, kí ẹni tí kò ní lè yọjú lè mọ ohun tí yóò ṣe. Kì í ṣe pé mo ń bú u. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò rí owó bàálù san láti ọjọ́ yìí wá, ti bá wa sin òkú méjì lórí fóònù báyìí, ó sì sunkún bí a ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n fún èmi tí mo wà n'Íbàdàn, àìyọjú ti ní iye tí a lè san. Mo ti san án lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn Kòrónà, láìsí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Mo ti sáré ju ìtàn lọ. Lọ́jọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2020, Gómìnà Rótìmí Akérédolú kéde pé àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn ti kó àrùn náà. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba àpapọ̀ ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, kọmíṣọ́nnà ìlera tó ń darí ìjà náà ní Oǹdó, kú. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo forí lé Atosin. Ẹ̀rù ọ̀nà kọ́ ló ń bà mí mọ́; ohun tí mo lè gbé dé ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Màmá jókòó ní ojúde nínú aṣọ dúdú. Mo dọ̀bálẹ̀ láti ìta. Kí n tó dìde, wọ́n ti na ọ̀rá kan sí ọmọdé kan pé kó jù ú sí mi. Ìbòjú ni, méjì, àǹkárá aláwọ̀ ewé tí òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Mo mọ aṣọ náà: aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn tí ì bá wáyé lẹ́yìn Àjíǹde, tí òfin ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Aránṣọ ti fi èyí tó ṣẹ́ kù rán ìbòjú. Òun ni àwọn ará ilé fi bojú lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá kékeré.

"Yọ èyí tó wà lójú ẹ, kí n rí ọ."

"Màmá, nítorí yín ni mo ṣe wọ̀ ọ́."

"Mo mọ̀. Yọ ọ́."

Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi dé ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí, tó tó ìwọ̀n igi kan sí èkejì. Mo yọ ọ́. Wọ́n wò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n, láìyára, bí wọ́n ṣe máa ń wò wá nígbà tí a bá ti ilé ìwé dé. Ewúrẹ́ kan gba àárín wa kọjá.

"O ti rù," wọ́n ní.

Wọ́n sọ fún ọmọdé náà kó gbé àga wá fún mi níbi tí mo dúró sí.