Ẹ̀sìn Àwọn Àgbà Kátólíìkì ní Oko Ìbàdàn

Èrò méjì ló wọ́pọ̀ láàárín àwọn Kátólíìkì agbègbè Ìbàdàn nípa ẹ̀sìn àwọn òbí àti òbí àgbà wọn, láti ìgboro títí dé Erúnmu àti àwọn abúlé oko Ẹgbẹ́dá àti Lágelú. Àwọn kan gbà pé ayé ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ wà: Mísà ní èdè Látìn, àwẹ̀ tó le, ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní àkọ́sórí tí kò yé wọn ni àwọn àgbà ń kà. Látìn ni èrò méjèèjì fi ń díwọ̀n ìgbà náà, ìwọ̀n yẹn kò sì bá ìgbé ayé ará oko mu.

Àwẹ̀ le lóòótọ́. Títí di 1953, ẹni tó fẹ́ gba Kòmúníọ̀n kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru, omi pàápàá. Ẹni tó ti oko fẹsẹ̀ rìn ní ìdájí á wà bẹ́ẹ̀ títí Mísà á fi parí. Póòpù Pius Kejìlá dín in kù sí wákàtí mẹ́ta ní 1957. Póòpù Paul Kẹfà sọ ọ́ di wákàtí kan ní 1964.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi tí Mísà ń wà ní oko kò pọ̀. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1868, wọ́n sì dé Òkè-Àrẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1895. Ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn fẹ̀, wọn kò sì pọ̀. Katikísì ló di ìjọ mú. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ó sábà máa ń jẹ́ àgbẹ̀ tàbí tíṣà, owó tó ń gbà kò sì tó nǹkan. Òun ló ń lu agogo, tó ń dá orin, tó ń darí rosárì. Òun ló ń fi ìbéèrè àti ìdáhùn kọ́ àwọn tó ń múra ìrìbọmi, òun náà ló ń bẹ aláìsàn wò, tó ń ri ẹni tó ń kú lọ bọmi, tó sì ń gbàdúrà lórí òkú. Bí Fadá bá dé, á gbọ́ ìjẹ́wọ́, á dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, á ṣe Mísà, á sì kọjá sí abúlé mìíràn. Yorùbá ni gbogbo ìyókù. Nígbà tí Àpérò Vatican Kejì fọwọ́ sí èdè ìbílẹ̀ nínú Mísà ní December 1963, Mísà ló wá bá àdúrà tí àwọn ará oko ti ń fi èdè wọn gbà tipẹ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ Látìn gbàgbé katikísì; ẹni tó ní ẹ̀sìn kò yé àwọn àgbà gbàgbé rẹ̀ bákan náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo òyìnbó àlùfáà ló kẹ̀yìn sí àṣà. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Lamidi Fákẹ́yẹ, tó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹ́gilére Bándélé. Wọ́n wọ àwọn èèyàn inú Bíbélì láṣọ Yorùbá, wọ́n dé ọba inú rẹ̀ ládé. Lamidi gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kátólíìkì Yunifásítì Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló ṣòro jù. Ọkùnrin tó ní ju ìyàwó kan lọ kò lè gba ìrìbọmi àfi tó bá mú ọ̀kan, tó sì jọ̀wọ́ àwọn yòókù. Òfin náà ṣì wà. Àwọn obìnrin ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó kejì àti ìkẹta ló wá sí ṣọ́ọ̀ṣì títí ọjọ́ ogbó láìgba Kòmúníọ̀n, tí wọ́n sì fa gbogbo ọmọ wọn wá fún ìrìbọmi. Àwọn tó ń yin ayé àtijọ́ kì í sábà mẹ́nu bà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbọ́ tiwọn wà lára èyí tó lágbára jù nínú ìtàn ìjọ náà.

Àríyànjiyàn lórí Mísà àtijọ́ kò tíì tán káàkiri ayé: Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ṣí ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ ní 2007, Póòpù Francis sì fi òfin dín in kù ní 2021. Ní ti oko Ìbàdàn, ìwé ìrìbọmi kò lè parí àríyànjiyàn lórí ẹ̀sìn àwọn àgbà. Orúkọ ẹni tí a rì bọmi, ti òbí rẹ̀ àti ti àlùfáà ló máa ń wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti katikísì tó kọ́ ọ. Ẹnu àwọn tí katikísì kọ́ ni ìtàn rẹ̀ wà, àwọn tó sì lè rántí ẹ̀kọ́ ìgbà náà dáadáa ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún.