Ẹ̀bùn Tí Kò Tíì Kúrò Lọ́wọ́ Ẹni Tí Ó Fi Í Fúnni



Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa láti ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì. Ó fẹ́ kàwé síwájú, kí ó sì di olórí láàbù lọ́jọ́ iwájú, irú láàbù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sínú ara àwọn tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n lè tún máa lò ó. Ó ní ǹjẹ́ ẹ̀sìn gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ kì í ṣe yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni?

Ìdáhùn sí ìyẹn kò gùn. Ní ayé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Sàhábà kan wà tí ń jẹ́ Arfaja ọmọ As'ad. Imú rẹ̀ ti gé dànù lójú ogun kan tí wọ́n jà ní ayé àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, ṣùgbọ́n imú náà ń rùn. Ànábì ní kí ó fi wúrà ṣe òmíràn, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa ni a mọ̀ pé wúrà kò tọ́ sí ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Hádíìsì náà wà nínú ìwé Abu Dawud àti ti Tirmidhi. Nítorí náà, kí a wá ohun tí yóò rọ́pò èyí tí ó bàjẹ́ lára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìwòsàn ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí àwa oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Imú àkọ́kọ́ kò dára tó, Arfaja sì rí ẹni tí ó tọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tèmi wà, èmi ni mo sì ń bi ọmọ wa báyìí: bí o bá ti fi ẹ̀rọ sínú ara ènìyàn, títí dìgbà wo ni ìwọ yóò wà níbẹ̀ tí ó lè padà tọ̀ ọ́ wá?

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣàlàyé. Ní ìlú Cleveland, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà ní yunifásítì Case Western Reserve tí ń jẹ́ P. Hunter Peckham. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí eegun ọrùn wọn ṣẹ́. Ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí lè máa gbé èjìká, kí ó sì máa ká ìgbọ̀nwọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ní dá a lóhùn. Ọwọ́ náà kò kú o. Ẹran apá ṣì wà láàyè. Ọ̀nà tí àṣẹ ọpọlọ ń gbà kọjá nínú eegun ọrùn ni ó já. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà, wọ́n fa wáyà mẹ́jọ láti ibẹ̀ gba abẹ́ awọ lọ sí àwọn ẹran apá àti ti ọwọ́. Wọ́n so ohun kan mọ́ èjìká kejì tí ń mọ̀ bí èjìká bá sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Àpótí kan wà lára kẹ̀kẹ́ tí ẹni náà ń jókòó sí; òun ni ó ń fi agbára àti àṣẹ ránṣẹ́ gba ojú awọ kọjá, bí rédíò ṣe ń ṣe. Bí ó bá sún èjìká síhìn-ín, ọwọ́ á pa dé. Bí ó bá sún un sọ́hùn-ún, ọwọ́ á ṣí. Ọdún 1986 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ènìyàn lára. Kọ́ńpìnnì kan tí ń jẹ́ NeuroControl wá gbé e sọ́jà, wọ́n sọ ọ́ ní Freehand, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1997. Nǹkan bí 250 ènìyàn ni wọ́n fi sí lára.

Ẹ ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nínú ilé ènìyàn. Àgbàlagbà tí wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ bí ọmọ ọwọ́ tún di ṣíbí mú fúnra rẹ̀. Ó di kálàmù mú, ó gbé ife omi sẹ́nu. Ẹni tí kò bá dúró de ọmọ tàbí ìyàwó kí ó tó mu omi rí kò lè mọ bí ìyẹn ti tó.

Ní 2001, kọ́ńpìnnì náà dá títà rẹ̀ dúró. Kì í ṣe pé ọjà náà kò dára. Àwọn tí ọrùn wọn ṣẹ́ ni kò pọ̀ tó láti mú èrè tí àwọn olówó ń retí wá. Ẹ̀rọ tí ó wà nínú ara lágbára, ó lè lò ju ogún ọdún lọ. Èyí tí ó wà níta ni ó ń gbó: wáyà a máa já, àpótí a máa bàjẹ́. Bí ti ìta bá bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ń ṣe é mọ́, ọwọ́ á tún padà dákẹ́, irin á sì wà nínú rẹ̀. Àwa ọlọ́jà mọ irú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìlọta tí kò ní páàtì lọ́jà mọ́, irin lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta, a ó gbé e sẹ́yìn ilé, a ó ra òmíràn.

Ẹni tí ó bá rò pé èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tán, kí ó gbọ́ ti ojú. Kọ́ńpìnnì Second Sight ní California ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Argus II fún àwọn afọ́jú kan. Kámẹ́rà wà lára awò ojú, ẹnu wáyà 60 sì wà lẹ́yìn ẹyinjú nínú. Kì í ṣe ìríran bí tiwa, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà nínú òkùnkùn mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2013, owó rẹ̀ sì tó nǹkan bí 150,000 dọ́là. Àwọn tí wọ́n fi sí lójú káàkiri ayé lé ní 350. Ní 2019 wọ́n dá a dúró, ní 2020 wọ́n dá púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe mọ́. Láti yọ ọ́ kúrò, iṣẹ́ abẹ mìíràn ni, ó sì ní ewu tirẹ̀. Láti fi í sílẹ̀, ó lè di ìdènà lọ́jọ́ tí dókítà bá fẹ́ fi ẹ̀rọ alágbára òòfà yẹ orí ẹni náà wò.

Kí ni a ó wá pe ohun tí ó wà láàárín àwọn wọ̀nyí àti ẹni tí ó fi ẹ̀rọ sí wọn lára?

Bí ó bá jẹ́ títà ni, òfin ọjà ní kí olùtajà sọ àléébù ọjà kí ó tó gbowó. Níhìn-ín, àléébù náà kò sí lára irin, inú àpò ẹni tí ó tà á ni ó wà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè má sí lọ́dún mẹ́ta sí i, tí kò sọ ọ́, ó ti fi àléébù pa mọ́.

Ṣùgbọ́n láàbù ìwádìí kì í sábà tà á, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ̀bùn nìyẹn. Àwa tí a ka ìwé Risala ní ilé-kéú mọ ohun tí mádíhábù Imam Maliki sọ: ẹ̀bùn kò pé títí ẹni tí a fún yóò fi gbà á sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Bí ẹni tí ó fúnni bá kú, tàbí tí gbèsè bo ohun ìní rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìyẹn tó gbà á, ẹ̀bùn ti bàjẹ́. Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ tí a fún ọkùnrin yẹn ní Cleveland, ṣé ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀? Irin wà lára rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán bí wọ́n ṣe tò ó, àṣẹ tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, páàtì, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fúnni. Ní tèmi, ẹ̀bùn yẹn kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í fúnni. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó wà: kí ó fi í lé e lọ́wọ́ tán pátápátá, àti àwòrán àti àṣẹ, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe, tàbí kí ó dúró tì í.

Wọn yóò ní aláìsàn ti fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ọ̀da, pé ìwé náà sọ pé ìwádìí yóò parí lọ́jọ́ báyìí. Òótọ́ ni. Owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún irú láàbù wọ̀nyí sábà máa ń ní gbèdéke, ọdún márùn-ún tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mọ ẹ̀rọ náà bí ẹni mowó á gboyè jáde, wọn á lọ. Ìwé ìyọ̀ọ̀da ń gba olórí láàbù lọ́wọ́ irọ́. Kò gbà á lọ́wọ́ gbèsè. Kí ni ẹni tí kò lè gbé ife omi kò ní fọwọ́ sí?

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn. Bí a bá ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ àfi tí ó bá lè ṣèlérí títí ayé, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á sì wà ní dídákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Ian Burkhart, ọmọ Ohio, tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ níbi tí ó ti bẹ́ sínú òkun ní 2010. Ní 2014 wọ́n fi ẹ̀rọ sínú ọpọlọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń ka ohun tí ó ń gbèrò, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ẹran apá rẹ̀. Ó di ìgò mú, ó rọ nǹkan láti inú rẹ̀. Inú láàbù nìkan ni ọwọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, bí ó bá dé ilé kò sí. Ní 2021 wọ́n yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Kò fi ìbínú kúrò níbẹ̀, ó ń gba àwọn ẹlòmíràn níyànjú lórí rẹ̀ títí di òní. Ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀bùn tí kò pé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ̀. Ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ó wọ̀.

Ohun tí mo bá fẹ́ kí olórí láàbù ṣe ni wákàfù. Kí ó tó gbé ọ̀bẹ sí ẹni àkọ́kọ́ lára, kí ó ya owó kan sọ́tọ̀ tí a kì í ná, tí a kì í tà, tí èrè rẹ̀ yóò máa ra bátìrì àti wáyà fún àwọn tí ẹ̀rọ wà lára wọn. Kí owó àti àwòrán jọ wà níbẹ̀, kí gbèsè kọ́ńpìnnì má lè kàn án. Èyí kì í ṣe àlá. Peckham àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti rí i pé ọjà kò lè gbé irú ẹ̀rọ yìí, wọ́n dá àjọ kan tí kò sí fún èrè sílẹ̀ ní yunifásítì wọn, Institute for Functional Restoration.

Wákàfù kò sì lè wà láìní alámòójútó. Níbẹ̀ ni mo ti yàtọ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé. N kò ní fi í fún olórí láàbù, torí yóò kú. N kò ní fi í fún kọ́ńpìnnì, torí yóò ka èrè. Burkhart àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí ní ọpọlọ ní ẹgbẹ́ tiwọn báyìí. Láàárín irú wọn ni màá ti yan alámòójútó, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí páàtì sì wà lọ́wọ́ wọn.