Jékọ́bù Ní Kí Jósẹ́fù Búra

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 47:27–31, 2 Sámúẹ́lì 19:31–39

Nígbà tí Jékọ́bù rí i pé ọjọ́ ikú òun ti ń sún mọ́lé, ó ránṣẹ́ pe Jósẹ́fù. Ó ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ sábẹ́ itan òun, bí wọ́n ti ń búra láyé ìgbà náà, kó sì ṣèlérí pé ilẹ̀ Íjíbítì kọ́ ni yóò sin baba rẹ̀ sí. Jósẹ́fù dáhùn pé bí baba òun ti wí lòun yóò ṣe. Ọ̀pọ̀ baba ni ìdáhùn yẹn ì bá tó. Kò tó Jékọ́bù. Ó ní kó búra, Jósẹ́fù sì búra.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí bàbá yìí kò bèèrè. Ọdún 17 ló lò ní Íjíbítì kó tó kú ní ẹni ọdún 147. Nígbà tó dé, ìyàn ṣì ku ọdún márùn-ún nílẹ̀, Jósẹ́fù ló sì ń bọ́ ọ, òun àti gbogbo agboolé rẹ̀. Ẹ wá ibi tí Jékọ́bù ti mú un búra pé yóò máa gbé oúnjẹ wá. Ẹ ò ní rí i. Ẹ tún ṣírò nǹkan mìíràn: ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á. Iye ọdún tí baba fi tọ́ ọmọ ni ọmọ fi tọ́jú baba, a ò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn tọwọ́ bọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo ni ìbúra náà wà fún, ohun tí Jékọ́bù kò ní sí láyé láti fojú ara rẹ̀ rí: ibi tí wọn yóò tẹ́ òkú rẹ̀ sí.

Ìtàn yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí àwọn ará bá ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọ tó ti dàgbà ṣèlérí fún òbí rẹ̀ pé òun yóò tọ́jú rẹ̀ títí dọjọ́ ikú. Àwọn kan sọ pé ọmọ tó bá ń kọ̀ láti ṣèlérí ti ń wá ọ̀nà àtisá nìyẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ pé òkété mú ọmọ rẹ̀ búra? Láyé àwọn bàbá wa, kò sí ohun tó fẹ́ mú ẹnikẹ́ni bèèrè. Ọmọ, ìyàwó ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà nínú agboolé kan náà, bí ìyá àgbà bá sì wúkọ́ lóru, ó lé lẹ́ni mẹ́ta tó máa béèrè pé kí ló dé. Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ òfuurufú lọ ni ìbéèrè yìí bọ́ síta. Pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà ni wọ́n ti máa ń bi í, báàgì ti wà lórí ìwọ̀n, ojú ti pọ́n: "Ṣé o máa wá mú mi? Ṣé o ò ní fi mí sílẹ̀?" Irú ọmọ wo ló máa wí lójú ìyá rẹ̀ níbẹ̀ pé òun ò mọ̀?

Ẹ̀rù tó ń ba òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán o. Ìyá tó fi ogójì ọdún ta aṣọ ní ọjà kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà lọ́dún 2004, àwọn tó ń gba owó oṣù ni wọ́n ṣe é fún. Ọdún 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, nígbà tí agbára ti tán lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Gbogbo ohun tí ìyá yìí tọ́jú pamọ́ ló fi san owó ilé ìwé ọmọ. Bó bá wá ń wá ìlérí lẹ́nu ọmọ náà, a ò lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ ń fi ẹnu rẹ̀ ṣèlérí. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ọmọ wa, tíṣà, òṣìṣẹ́ báǹkì, sì gbabẹ̀ lọ. Físà yẹn kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní àwọn tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà kò gbọdọ̀ mú ọkọ tàbí ọmọ pàápàá dání. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ wá láti òkèèrè. Ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó ti di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Láti ọdún 2012 ni òfin ti ní kó fi hàn pé ogbó tàbí àìsàn kò jẹ́ kí òbí òun lè dá wẹ̀ tàbí dá wọṣọ mọ́, kó sì tún fi hàn pé ìtọ́jú yẹn kò ṣeé rí níbi tí òbí náà wà, bí òun tilẹ̀ ń fowó ránṣẹ́. Ẹ gbọ́ apá tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Owó oògùn tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ni wọ́n lè fi dá a lóhùn pé, ṣebí ìtọ́jú ń lọ lọ́hùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ṣèlérí ní Ìkẹjà ṣe ń jí láàárọ̀ kùtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń wẹ ìyá onìyá, tó ń pààrọ̀ pámpásì fún bàbá oníbàbá, tó ń fi sùúrù bá ẹni tó ń ṣarán sọ̀rọ̀. Màmá tirẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bá wọn gbé omi ìwẹ̀. Bó bá pè wọ́n lórí WhatsApp, wọn á kí i, wọn á ṣàdúrà fún un, lẹ́yìn náà wọn á ní, "O ṣáà ní o máa wá mú mi." Kò pa irọ́ ní Ìkẹjà. Ó gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ìlérí náà ló ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó sì ti wá di pé, bó bá rí nọ́ńbà màmá lórí fóònù, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó gbé e. Ẹni tí ìlérí ń lé kiri kì í pe ìyá rẹ̀ léraléra mọ́, kó má bàa gbọ́ gbólóhùn yẹn.

Jékọ́bù gbọ́n ju báyìí lọ. Ọmọkùnrin méjìlá ló ní, Rúbẹ́nì sì ni àkọ́bí. Jósẹ́fù ló pè, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó sọ ohun kan pàtó tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Lẹ́yìn náà, ní orí 49, ó pe gbogbo wọn jọ, ó sì tún ọ̀rọ̀ ìsìnkú náà sọ sétí wọn: inú ihò Mákípélà, níbi tí Ábúráhámù àti Sárà wà, Ísáákì àti Rèbékà, àti Léà tí òun fúnra rẹ̀ sin síbẹ̀. Ilé mélòó ló ti dàrú láàárín wa nítorí pé màmá pe ọmọ kan lóru, tí àwọn tó kù sì kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìlérí náà níbi ìsìnkú?

Kí ló dé tó fi ní dandan kí Jósẹ́fù búra, nígbà tó ti gbà? Èmi rò pé orí 50 ló dáhùn. Lẹ́yìn ikú Jékọ́bù, àwọn ará Íjíbítì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún 70 ọjọ́, Jósẹ́fù sì ní láti tọrọ ààyè lọ́wọ́ Fáráò kó tó lè gbé òkú náà lọ sí Kénáánì. Ohun tó ní kí wọ́n sọ fún ọba ni pé baba òun ti mú òun búra. Fáráò náà mẹ́nu kan ìbúra ọ̀hún nígbà tó ń fún un láyè. Jékọ́bù mọ̀ pé abẹ́ ọ̀gá ni ọmọ òun wà, bó ti wù kó ga tó. Ìbúra náà, etí Fáráò ló wà fún. Àwọn tó ń ṣèwé ìwọ̀lú lóde òní kì í gba ìbúra, kò sì sí itan tí a lè fọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa tìtorí rẹ̀ fún wa ní físà.

Nínú òfin karùn-ún, Ọlọ́run kò bi ọmọ léèrè pé ṣé yóò ṣèlérí. Ó pàṣẹ. Ẹni tó ṣèlérí níbẹ̀ ni Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tó fi ẹ̀mí gígùn dá ẹni tó bá bọlá fún òbí lọ́lá. Gbèsè náà ti wà lọ́rùn wa ká tó la ẹnu, ìlérí wa kò fi kún un, bí a bá sì dákẹ́, kò dín. Jésù sọ nípa ọmọ méjì tí baba wọn rán lọ sí oko àjàrà: èyí tó kọ̀ lójú baba ló padà lọ ṣiṣẹ́, èyí tó fi ọ̀wọ̀ dáhùn kò débẹ̀. Nínú Máàkù 7 ẹ̀wẹ̀, àwọn tí Jésù bá wí gidigidi ni àwọn tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ohun ìní wọn fún Ọlọ́run, tí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ́ náà bojú láti má fún òbí wọn ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé inú ìwé àṣàrò lẹ ti ń ka èyí, àmọ́ ó yẹ ká sọ ọ́: ẹni tó bá san ìlérí owó ilé ìjọsìn pé, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ̀ sì tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó yẹ kó tún orí yẹn kà.

Bíbélì kíkà wa kejì ni ọ̀pọ̀ ọmọ kì í rántí. Básíláì ará Gíléádì ti bọ́ Dáfídì nígbà tí Ábúsálómù ọmọ rẹ̀ lé e kúrò nílé: ibùsùn, àlìkámà, ẹ̀wà, oyin, ó kó gbogbo rẹ̀ wá. Nígbà tí Dáfídì ń padà sórí ìtẹ́, ó ní kí bàbá náà bá òun lọ sí Jerúsálẹ́mù, òun yóò máa bọ́ ọ níbẹ̀. Ìlérí ọba ni, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Básíláì kọ̀. Ó ní ẹni 80 ọdún ni òun, òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò gbọ́ orin àwọn akọrin mọ́, òun kò sì fẹ́ di ẹrù sí ọba lọ́rùn. Ìlú òun ni kí òun kú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì bàbá àti ìyá òun. Ó ní kí Dáfídì mú ẹnì kan tó ń jẹ́ Kímhámù lọ dípò òun. Dáfídì kò bá a jiyàn. Ó fi ẹnu kò ó lẹ́nu, ó súre fún un, bàbá náà sì padà sílé rẹ̀. Nígbà tí Dáfídì fúnra rẹ̀ ń kú lọ, ó ṣì ń pàṣẹ fún Sólómọ́nì pé kí àwọn ọmọ Básíláì máa jẹun lórí tábìlì ọba.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣèlérí Jerúsálẹ́mù fún màmá tí kò fẹ́ kúrò ní Gíléádì. A ò bi wọ́n. Wọ́n ní ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní àga wọn ní ìloro, wọ́n ní oníbàárà tó ṣì ń wá kí wọn láti ọjà. Lókè òkun, ojú fèrèsé ni wọ́n máa jókòó sí láti àárọ̀, títí ọmọ á fi ti ibi iṣẹ́ dé. "Wá mú mi" tí wọ́n ń sọ, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé, má gbàgbé mi. Ọ̀tọ̀ ni kí á gbọ́ èyí, ọ̀tọ̀ ni kí á lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ìlérí bá wá di dandan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ irú ti Jósẹ́fù, kó ṣe pàtó, kó sì wà níkàáwọ́. "Mọ́mì, owó oògùn yín máa wọlé kí oṣù tó tán." "Bí ẹ bá ṣubú, bó ti wù kó pẹ́ tó lóru, kí wọ́n pè mí." "Bó bá di pé ẹnì kan ní láti máa gbé tì yín, a jọ máa yan ẹni náà ni." Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́, ìbáà jẹ́ orí fóònù. Ó ṣeé ṣe kí màmá fẹ́ èyí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìfẹ́ sọ fún wọn pé ẹ ò ní in lọ́wọ́.

Àdúrà: Olúwa, fún àwọn òbí wa ní ẹnu láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an, kí O sì fún àwa ọmọ ní etí tí kì í sáré dáhùn. Bùkún fún àwọn tó ń bá wa wẹ̀ wọ́n, tó ń bá wa gbé wọn dìde, kí a sì máa san owó wọn lásìkò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.