Béèlì àti Ẹni Tí A Ṣẹ̀

Nígbà tí adájọ́ bá gba béèlì ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn, onídùúró àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa máa ń wò. Èmi a máa wo obìnrin tí ó ní ọkùnrin náà lu òun ní àlùbolẹ̀, tí àwọn méjèèjì yóò jọ padà sí àdúgbò kan náà. Kí ni a fi dáàbò bò ó?

Òfin kò kúkú gbàgbé rẹ̀. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, ní abala 162, gbà kí adájọ́ kọ béèlì bí ó bá jọ pé ẹni náà yóò tún dá ọ̀ràn mìíràn, tàbí pé yóò dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún adájọ́ pé ẹ̀rù ń bà á, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í?

Àwọn kan ní kí a ti gbogbo wọn mọ́lé. N kò fara mọ́ ọn. Òfin-ìpìlẹ̀ 1999 pe olúwarẹ̀ ní aláìṣẹ̀ títí ẹ̀bi yóò fi hàn, ẹjọ́ a sì máa pẹ́ nílẹ̀ wa. Bí ó bá sì jẹ́ owó béèlì ni a fi kún, tálákà ni yóò sùn sí àtìmọ́lé. Olówó tí ó lè dẹ́rù bani yóò lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó le ni pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti obìnrin náà, kí a sì ka ẹnu ọ̀nà rẹ̀ léèwọ̀ fún ọkùnrin náà. Bí ilé kan náà ni wọ́n ń gbé ńkọ́? Kí ọkùnrin wá ibòmíràn sùn, ìbáà ṣe òun ni ó kọ́lé.